Sẹ́fà Tó Kọ̀ Tí Kò Jí

Ọ̀rọ̀ méjì péré ló wà lójú kọ̀ǹpútà náà: grub rescue. Àmì kékeré kan ń ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, gbogbo ibi yòókù dúdú kirikiri. Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ránṣẹ́ pè mí dúró lẹ́yìn mi, ó káwọ́ lérí. Orí sẹ́fà yìí, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ fún àwọn kọ̀ǹpútà yòókù, ni wọ́n ń kọ owó tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń dá sí, àti gbèsè tí kálukú jẹ. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹnì kan nínú ọ́fíìsì ní kí sẹ́fà náà gba àtúnṣe tuntun láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ ò tíì dé ìdajì tí wọ́n fi mú iná lọ. Bátìrì UPS, ẹ̀rọ tó yẹ kó gbé kọ̀ǹpútà ró bí iná bá lọ, sì ti kú láti ọdún tó kọjá; wọ́n kàn fi í síbẹ̀ bí ère ni.

"Ẹ̀ńjíníà, ṣé owó àwọn èèyàn ti lọ nìyẹn?"

"Kò lọ síbì kankan, mà. Ẹ jẹ́ ká wò ó ná."

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó máa ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe ti mú fláàṣì ẹ̀ jáde. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun fọ́ọ̀mátì ẹ̀, kóun fi Ubuntu tuntun sórí ẹ̀, pé kò ní gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Òótọ́ ló sọ, kò ní gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ò sọ fún wọn ni pé láàárín ogún ìṣẹ́jú yẹn ni àkọsílẹ̀ owó ọdún mẹ́fà máa bá a lọ. Mo ní, "Àbúrò, fi fláàṣì yẹn sápò ná."

Àlàyé tí mo ṣe fún wọn lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ ṣe níbí. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní sẹ́fà, yálà ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ilé ìwé tàbí ti ilé ìtajà, ni ò mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí sẹ́fà kọ̀ láti jí, ọ̀tọ̀ ni kí ohun tó wà nínú ẹ̀ ṣègbé.

Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù kan ní Dùgbẹ̀. Ọjà wà nínú ẹ̀, ọmọọṣẹ́ kan sì wà tó máa ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, tó mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà, tó ń dá oníbàárà lóhùn. Ọmọọṣẹ́ yẹn ni operating system: Ubuntu, Debian, Windows Server àtàwọn ẹgbẹ́ wọn. Ọjà ni àkọsílẹ̀ yín. Bí ọmọọṣẹ́ bá dákú lẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀kùn ò ní ṣí, àmọ́ ọjà ṣì wà nínú ilé digbí. Ẹni tó bá ní ká sáré fọ́ọ̀mátì háàdì dísìkì, ohun tó ń sọ ni pé ká kó ọjà dà sígbó torí ọmọọṣẹ́ dákú.

Ohun tó wá ń da nǹkan rú mọ́ èèyàn lójú ni pé a máa ń rò pé sẹ́fà kàn ń tàn bíi gílóòbù ni. Bí agboolé ńlá ṣe ń jí ló ṣe ń jí: ẹnì kan á jí ẹnì kejì, ẹnì kejì á jí ẹnì kẹta.

Ẹni tó kọ́kọ́ ń jí ni ètò kékeré tó ti wà lára kọ̀ǹpútà náà látilé iṣẹ́ tó ṣe é. BIOS ni wọ́n ń pè é lára ẹ̀rọ àtijọ́, UEFI lára ti ìsinsìnyí. Ìmọ̀ ẹ̀ ò jinlẹ̀. Ibi tó máa kanlẹ̀kùn nìkan ló mọ̀. Lára ẹ̀rọ àtijọ́, báìtì 512 àkọ́kọ́ lórí háàdì dísìkì ló máa kà (báìtì kan tó nǹkan bíi lẹ́tà kan), 446 péré nínú ẹ̀ ló sì jẹ́ ti ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyẹn ò tó ìpínrọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń kà lọ́wọ́ yìí.

Ẹnì kejì ni GRUB, aṣọ́nà. Iṣẹ́ ẹ̀ ni láti wá ibi tí kernel, ìyẹn ọkàn operating system, sùn sí kó sì gbé e dìde. Torí pé báìtì 446 ò lè gba gbogbo ara ẹ̀, díẹ̀ ló wà níbẹ̀, ìyókù wà nínú fọ́ldà tó ń jẹ́ /boot/grub. Bí èyí tó wà níwájú bá jí tí kò rí ìyókù ara ẹ̀, grub rescue ló máa kọ sójú kọ̀ǹpútà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nìyẹn: GRUB gan-an ni àtúnṣe alẹ́ ọjọ́ náà ń pààrọ̀ lọ́wọ́ tí iná fi lọ. Aṣọ́nà jí, kò rí kọ́kọ́rọ́.

Ẹnì kẹta ni kernel, Linux fúnra ẹ̀, èyí tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1991 nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki. Baálé nìyẹn. Baálé yìí sì níṣòro kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Kó tó lè ṣí háàdì dísìkì, ó nílò irinṣẹ́ tó máa fi ṣí i, irinṣẹ́ yẹn sì rèé, orí háàdì dísìkì tó fẹ́ ṣí náà ló wà. Kọ́kọ́rọ́ yàrá wà nínú yàrá tá a tì pa! Bí wọ́n ṣe yanjú ẹ̀ ni pé GRUB á gbé àpò kékeré kan lé e lọ́wọ́. Initramfs lorúkọ àpò náà, ìwọ̀nba irinṣẹ́ tó máa fi ṣí ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ló wà nínú ẹ̀. Bí àpò yìí ò bá sí, tàbí tí ohun inú ẹ̀ ò pé, baálé á figbe ta, á sì ṣubú. Kernel panic lẹ máa rí, pẹ̀lú gbólóhùn kan tó ní òun ò lè ṣí root fs, ìyẹn ibi tí gbogbo fáìlì ilé ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ẹ̀ ni systemd, ìyálé tó ń jí gbogbo ará ilé tó kù: ẹni tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹni tó ń bójú tó àkọsílẹ̀ owó, ẹni tó ń dá àwọn tó bá wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lóhùn. Ìwé pélébé kan wà lọ́wọ́ ìyálé yìí, /etc/fstab, orúkọ gbogbo yàrá tó gbọ́dọ̀ ṣí ló wà níbẹ̀.

Nítorí náà, kéèyàn tó bèèrè pé kí la máa ṣe sí i, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ bi ni pé: ta ló jí gbẹ̀yìn? Ọ̀rọ̀ tó wà lójú kọ̀ǹpútà á sọ fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ àwọn tó bá pè mí pé kí wọ́n fi fóònù ya ohun tí wọ́n rí kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Èyí tó pọ̀ nínú wọn á ti pa á tàn án, pa á tàn án, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, wọ́n á wá sọ fún mi pé "ó kọ òyìnbó kan, àmọ́ ó ti lọ."

Ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, gbogbo ayé ló rí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe le tó. Ilé iṣẹ́ CrowdStrike, tó ń ta ètò ààbò kọ̀ǹpútà, fi àtúnṣe kan ránṣẹ́ sórí àwọn ẹ̀rọ Windows. Fáìlì kan nínú ẹ̀ ní àléébù, ó sì ń gbé kernel Windows ṣubú. Microsoft ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 ẹ̀rọ ló kàn. Ọkọ̀ òfuurufú ò gbéra, ilé ìwòsàn ń fi bírò kọ̀wé. Fáìlì yẹn ò sì pa àkọsílẹ̀ tó wà lórí dísìkì rẹ́. Kéèyàn wọ Safe Mode, níbi tí Windows ti ń jí pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tó ṣe kókó, kó pa fáìlì tí orúkọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C-00000291 rẹ́, ẹ̀rọ á jí. Kí ló wá dé tó fi gba ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ lọ́jọ́ púpọ̀? Torí pé baálé ń ṣubú kí ẹni tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó jí. Ó ṣòro kéèyàn dúró síbi tó wà kó rán àtúnṣe sí ẹ̀rọ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ ò tíì jí. Ní ọ̀pọ̀ ibi, èèyàn gbọ́dọ̀ lọ dúró níwájú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni. Àwọn tó sì fi BitLocker ti dísìkì wọn tún ní láti wá nọ́ńbà gbọọrọ tó máa ṣí i, àwọn míì sì tọ́jú nọ́ńbà náà sórí sẹ́fà tí òun náà ò jí.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Èyí tó rọrùn jù nínú gbogbo àìsàn yìí ni ti fstab. Ẹnì kan á mú háàdì dísìkì àfikún wá, á kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé ìyálé, lẹ́yìn oṣù mélòó kan á yọ ọ́ kúrò láìpa orúkọ ẹ̀ rẹ́. Ó dìgbà tí sẹ́fà bá tún máa jí kí ìyálé tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá yàrá tí kò sí mọ́. Ó máa ń dúró fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, lẹ́yìn náà á jókòó sílẹ̀, á kọ emergency mode sójú ẹ̀, kò ní jí ẹnikẹ́ni mọ́. Ilé ìwé kan ti ń wá owó sẹ́fà tuntun kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo wọlé pẹ̀lú pásíwọ́ọ̀dù root, ìyẹn ti ọ̀gá pátápátá lórí ẹ̀rọ, mo kọ mount -o remount,rw / kí n lè rí àyè kọ nǹkan, mo ṣí fstab, mo fi àmì # kan ṣoṣo síwájú ìlà yẹn kí ìyálé má kà á mọ́. Ó tán. Bí dísìkì tẹ́ ẹ̀ ń lò bá jẹ́ èyí tẹ́ ẹ máa ń yọ, ẹ fi nofail kún ìlà ẹ̀, ìyálé á gbójú fò ó bí kò bá rí i.

Èyí tí mo sì ń rí jù lọ ni kí /boot, fọ́ldà tí kernel ń gbé, kún. Gbogbo ìgbà tí kernel tuntun bá dé ni ti àtijọ́ ṣì máa ń wà níbẹ̀, àyè tí wọ́n gé fún /boot ò sì tó nǹkan lórí ọ̀pọ̀ sẹ́fà. Bó bá kún, àpò initramfs tuntun ò ní rí ibi jókòó, ó di Kernel panic. Ẹ má bẹ̀rù: kernel àtijọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lánàá ṣì wà nílé. Bẹ́ ẹ bá ń tan ẹ̀rọ náà, ẹ tẹ Shift mọ́lẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ tẹ Esc lórí èyí tó ń lo UEFI, kí àtòjọ GRUB jáde. Ẹ yan Advanced options, kẹ́ ẹ wá mú kernel tí nọ́ńbà ẹ̀ kéré sí ti òkè pátápátá. Bó bá jí, ẹ yọ àwọn tó ti gbó kúrò, kẹ́ ẹ ní kí update-initramfs tún àpò náà dì.

Ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ò rọrùn tóyẹn, torí aṣọ́nà fúnra ẹ̀ ló ṣubú. Fláàṣì tí mo ní kí àbúrò fi sápò náà la padà lò, ẹ wò ó! Àmọ́ a ò yan Install. Try Ubuntu la yàn. Ìyẹn dà bí ìgbà tá a yá ọmọọṣẹ́ láti ṣọ́ọ̀bù kejì: inú fláàṣì ló ti ń ṣiṣẹ́, kò fọwọ́ kan ọjà wa. Mo kọ lsblk kí n lè rí gbogbo dísìkì tó wà, mo lo smartctl wo bóyá ara dísìkì náà le, mo wá ṣí i lọ́nà tí a fi lè kàwé inú ẹ̀ láìlè kọ nǹkan kan sí i, mount -o ro. Fọ́ldà /var/lib/mysql wà níbẹ̀, níbi tí àkọsílẹ̀ owó wọn ń gbé. Mo fi han akọ̀wé. Mo dà á kọ sórí háàdì dísìkì mìíràn, òun àti /etc, níbi tí ètò ẹ̀rọ náà wà, àti /home, níbi tí fáìlì àwọn tó ń lò ó wà. Gbogbo ẹ̀ gba nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, màmá sì wo ìlà tó ń rìn lójú kọ̀ǹpútà látòkè délẹ̀ bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Kò sí àtúnṣe kankan tí mo máa ń ṣe kí èyí tó parí, ì báà jẹ́ ọba ló ń kánjú.

Lẹ́yìn náà la wá ṣe ohun tó ń jẹ́ chroot. Ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ bí ẹni ń pọfọ̀, kò sì ju báyìí lọ: à ń sọ fún ọmọọṣẹ́ àyálò pé, "Láti ìsinsìnyí lọ, ka yàrá yìí sí gbogbo ilé rẹ." Gbogbo àṣẹ tó bá pa látìgbà náà, inú sẹ́fà tó dákú ló máa ti ṣẹ. Dísìkì gbọ́dọ̀ ti ṣí fún kíkọ báyìí, a sì gbọ́dọ̀ so /dev, /proc àti /sys mọ́ ọn kó lè rí ẹ̀rọ tó wà nídìí ẹ̀.

Ibí yìí ni nǹkan kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tí NEPA ń fìyà jẹ mọ̀. Ext4, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ sẹ́fà Linux ń gbà to fáìlì sórí dísìkì, máa ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe sínú ìwé kan kó tó ṣe é. Bí iná bá lọ láàárín, á padà ka ìwé yẹn, á mọ ibi tóun dé. Ìdí nìyẹn tí fáìlì wa kì í fi í bàjẹ́ lójoojúmọ́. Àmọ́ ìwé ext4 ò mọ̀ pé àtúnṣe Ubuntu ń lọ lọ́wọ́. Iṣẹ́ tiẹ̀ ò dé bẹ̀. Dpkg, tó ń bójú tó àwọn ètò tá a gbé sórí ẹ̀rọ, ló ní ìwé tiẹ̀ lọ́tọ̀, ó ń kọ èyí tó ti tú ẹrù ẹ̀ àtèyí tí ò tíì tò ó. Nítorí náà, àṣẹ tí mo kọ́kọ́ pa ni dpkg --configure -a, ìyẹn ni pé "gbogbo iṣẹ́ tó o fi sílẹ̀ lánàá, lọ parí ẹ̀." Ó parí ẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, update-initramfs -u -k all fún àpò baálé, grub-install /dev/sda fún aṣọ́nà, update-grub kí aṣọ́nà lè mọ orúkọ àwọn kernel tó wà nílé.

Ẹ fara balẹ̀ wo /dev/sda yẹn o. Lórí sẹ́fà míì, fláàṣì ló máa ń gba orúkọ yẹn, dísìkì gidi á wá di sdb. Ẹ wo ìwọ̀n wọn nínú lsblk kẹ́ ẹ tó tẹ Enter. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tọ́jú iṣẹ́ wọn, tó ń ṣàtúnṣe lálẹ́ rò pé orí sẹ́fà kejì lòun wà, orí àkọ́kọ́ ló wà. Kó tó fura, nǹkan bí 300 GB àkọsílẹ̀ ti lọ. Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n ní tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, kò sì sí èyí tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ̀dà kan tí ẹnì kan ṣe ní bí wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló gbà wọ́n. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ lẹni yẹn, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

Mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa fsck, torí gbogbo èèyàn ló máa ń gba ara wọn nímọ̀ràn ẹ̀. Oògùn gidi ni, ó máa ń tún ètò fáìlì tó wọ́ ṣe. Àmọ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ lò ó fún dísìkì tó wà ní ṣíṣí, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ lò ó fún dísìkì tí ara ẹ̀ ń kú. Bí smartctl bá ń ké, tàbí tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ kọ̀-kọ̀-kọ̀ nínú háàdì dísìkì, ẹ pa á. Ọ̀rọ̀ operating system kọ́ nìyẹn mọ́. Ẹ lo ddrescue láti da gbogbo ẹ̀ kọ sórí dísìkì tuntun, kẹ́ ẹ wá máa tún ẹ̀dà ṣe.

Ìgbà wo ló wá yẹ ká pa ọmọọṣẹ́ àtijọ́ tì, ká gba tuntun? Èmi ò kì í jáfara bí ẹni burúkú bá ti wọnú sẹ́fà. Ẹni tó ti ní agbára root nínú ilé yín lè ti pààrọ̀ àṣẹ tẹ́ ẹ fẹ́ fi wá a gan-an, kẹ́ ẹ bi í pé "ta ló wà níbẹ̀?" kó dáhùn pé "kò sẹ́nì kankan." Irú ilé bẹ́ẹ̀, àkọsílẹ̀ nìkan lẹ máa kó jáde. Bákan náà lẹni tó bá kọ chmod -R 777 /, àṣẹ tó ń ṣí gbogbo fáìlì sílẹ̀ fún gbogbo ayé, torí fọ́ldà kan kò jẹ́ kó wọlé. Ó rò pé òun ṣílẹ̀kùn ni. Sudo, tó ń yá èèyàn lágbára root, á kọ̀ láti ṣiṣẹ́, torí àmì àṣẹ tó wà lára ẹ̀ ti lọ. SSH, ọ̀nà tá à ń gbà wọ sẹ́fà láti òkèèrè, á kọ̀, torí gbogbo ayé ti lè ka kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì ló ti ní ìwọ̀n àṣẹ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, ta ló máa rántí gbogbo ẹ̀? Ẹ tún un kọ́. Ẹ̀rọ tó ń lo ohun tí àtúnṣe ààbò ẹ̀ ti dáwọ́ dúró náà ńkọ́, bíi CentOS 7, ẹ̀yà Linux kan, tó parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2024? Bẹ́ ẹ bá tún un ṣe lónìí, ẹ máa tún un ṣe lọ́la.

Bẹ́ ẹ bá sì máa tún un kọ́, èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ ra dísìkì tuntun. Ẹ yọ ti àtijọ́, ẹ fi bébà lẹ orúkọ àti déètì sára ẹ̀, ẹ tì í mọ́ dúrọ́ọ̀ fún oṣù kan ó kéré tán. Ohun tẹ́ ẹ gbàgbé láti kó, ọ̀sẹ̀ kejì lẹ máa rántí ẹ̀. Àkọsílẹ̀ MySQL, ètò tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ bíi ti owó yẹn, tẹ́ ẹ kó ní fọ́ldà, irú ẹ̀yà MySQL kan náà ni kẹ́ ẹ gbé e padà sí. Ọ̀fìn kan tún wà níbẹ̀ tó ti mú mi rí: Linux kì í fi orúkọ mọ ẹni tó ni fáìlì, nọ́ńbà ló fi ń mọ̀ ọ́n. Lórí sẹ́fà àtijọ́ mysql lè jẹ́ 108, kó di 112 lórí tuntun. Fáìlì á wà níbẹ̀ pé pérépéré, mysql á ní kì í ṣe tòun. Odidi òru kan ni mo fi ń wá ohun tó ṣe é, chown -R mysql:mysql, àṣẹ tó ń dá fáìlì padà fún mysql, sì ni gbogbo oògùn ẹ̀.

Ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ò gbà wá débẹ̀. A yọ fláàṣì, a tan ẹ̀rọ. Àtòjọ GRUB jáde, ó wọlé, ìlà funfun ń sáré lójú ẹ̀, ó dé ibi tó ń bèèrè orúkọ. Àbúrò ti fa ìwé yọ, ó ń da gbogbo àṣẹ tá a pa kọ. Akọ̀wé jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tiẹ̀, ó ṣí àkọsílẹ̀ owó, orúkọ tó sì kọ́kọ́ tẹ̀ síbẹ̀ ni ti ara ẹ̀. Ó wo iye tó wà níbẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó wá kọjú sí ọmọkùnrin náà.

"Èló ni bátìrì UPS?"